Àgbo Tí Bàbá Mi Kò Mu

Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ilé ìwòsàn pé àgbo ló pa bàbá mi, irọ́ pátápátá ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi bínú sí wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi, nítorí ẹnu èmi gan-an ni irọ́ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti fi gbé e pamọ́ sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún àbúrò mi. Lórí ẹní ìkírun pàápàá, mi ò sọ ọ́ jáde. Ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Tí mo bá tún dákẹ́, ẹlòmíràn lè bá a lọ.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, Ràṣídì, ló ń gbé ní Ailegun. Ìyàwó Ràṣídì, tí a máa ń pè ní Ìyá Fáwàs, ló ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ń gbé ní Àjàó Estate, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ni mo fi gboyè ní yunifásítì. Mo ń sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Bàbá, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀ tó bá ti rún pákò, tí ibà kò sì fẹ́ lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tó máa ń sáré. Dókítà ní kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń bá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀.

Dókítà yìí náà ló sọ fún wa pé ilé ìwòsàn aládàáni kan, tí mi ò ní dárúkọ síbí, ń dán ìtọ́jú tuntun wò. Oògùn méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ abẹ́rẹ́, èkejì jẹ́ oníhóró. Wọ́n ti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni bí ara ṣe máa gbà á tí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ fún jẹjẹrẹ tó le bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lè ni ọkàn lára, nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin kò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn máa yẹ ọkàn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpele kejì ìtọ́jú náà tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé wọn nìyẹn. Mo kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn.

Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bàbá ní méjì. Ọ̀kan wà fún ilé, ọ̀kan wà fún ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ìjọba ló ti gé ọdún mọ́kànlá kúrò. Gbogbo wa la mọ̀, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí inú bá ń bí màmá mi sí i nígbà ayé wọn, wọ́n á ní, "Alàájì, èwo nínú yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò?"

Ìwé ọjọ́ orí Bàbá ti sọnù. Obìnrin tó ń gba àwọn aláìsàn wọlé fún ìdánwò oògùn náà, Mátíróònù là ń pè é, sọ fún mi pé, "Mádàámù, ẹ ṣáà lọ mú ìwé ìbúra wá láti kóòtù. Tí ìwé bá ti sọ ọ́, ó parí." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo lọ. Ẹni tó bá ju èèyàn lọ lọ́jọ́ orí ló yẹ kó búra fún un, kò sì sí ẹ̀gbọ́n Bàbá kankan tó ṣẹ́kù láyé. Àwọn tó ń jókòó níwájú kóòtù bá mi pe bàbá arúgbó kan tó ń búra fún gbogbo ayé. Ó gba bírò, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wá bi mí pé, "Kí tiẹ̀ lorúkọ àbúrò mi yìí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta la kọ. Mo dúró tì í nígbà tó ń búra pé òótọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú láti lóye mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé kò sí ohun tí oògùn lè fi ṣe é tí àrùn náà kò ní fi ṣe é. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí dókítà àgbà tó ń darí ìdánwò náà rí Bàbá, ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ Bàbá lẹ́nu. Wọ́n ń sọ ìtàn fún un pé àwọn làwọn gbé àsíá ṣíwájú àwọn ọmọ ilé ìwé àwọn lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹni tí ìwé ìbúra sọ pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà! Dókítà gbójú sókè. Ó wo Mátíróònù, Mátíróònù wo ilẹ̀. Dókítà wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàájì, ẹ má sọ ìtàn yẹn fún ẹlòmíràn mọ́ o." Ó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mo tan ilé ìwòsàn jẹ. Mo pa irọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ òtítọ́ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, tó wá ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́, ta ló tan òun jẹ?

Ìpele àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Wọ́n yẹ ọkàn Bàbá wò, ojú mi ni wọ́n ṣe é. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ ti dá ní èrìgì wọn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n tún ti ń bá àwọn ará ilé jà lórí rédíò. Ìyá Fáwàs lẹ ìwé ilé ìwòsàn mọ́ ara fíríìjì, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé aláìsàn kò gbọdọ̀ mu àgbo. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìyá tó bí Ìyá Fáwàs ń ta àgbo ní ọjà Bọ́ládé. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo wà níbẹ̀, màmá náà gbé ike kan wá fún àna wọn. Ìyá Fáwàs dínà mọ́ wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màámi, ẹ gbé ike yín padà."

"Ewé àti egbò lásán ni, ọmọ yìí. Ṣé mo fẹ́ pa àna mi ni?"

"Mi ò ní ẹ fẹ́ pa wọ́n. Mo ní kò gbọdọ̀ wọlé yìí. Àǹtí, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ o."

Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá gbé ike wọn, wọ́n ń kùn lọ pé ọmọ àwọn ti di nọ́ọ̀sì mọ́ àwọn lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ojú mi ló ṣe.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì, ẹsẹ̀ Bàbá wú. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, wọn ò lè mí. Ìyá Fáwàs pe nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn ní ká máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹfà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí a fi máa gbé Bàbá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Mátíróònù wá jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mádàámù. Ṣé wọn ò fún wọn ní nǹkan ìbílẹ̀ kankan nílé?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo ti rí ẹsẹ̀ tó wú, mo ti gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí. Ọkàn ni mo rò. Mo rántí ìwé ìbúra. Mo rò ó pé àwọn ẹbí á sọ pé èmi ni mo ti bàbá mi sínú oògùn tí kò tọ́ sí wọn. Mo wá ní, "Ó ṣeé ṣe. Ìyá ìyàwó àbúrò mi ń ta àgbo."

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, bí ẹni tó ti ṣí bírò sílẹ̀ dè é.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé kí a tó sin Bàbá. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin yí Ìyá Fáwàs ká. Ọ̀kan ní, "Ọmọ alágbo, ṣé o ti tà á tán?" Èkejì ní, "Àna rẹ̀ ló fi dán ọjà ìyá rẹ̀ wò." Èmi ni Ìyá Fáwàs kọjú sí.

"Àǹtí, ẹ ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lé màmá mi padà. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ti àwọn ọjọ́ tó kù."

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ yẹn. Òun ló sì tú ilé rẹ̀ ká. Ràṣídì kò pariwo, kò lù ú. Ó kàn ní kó máa lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì dá àwọn ọmọ méjèèjì dúró. Títí di òní, inú yàrá kan lòun àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn Bọ́ládé. Mo máa ń gba ọ̀nà ibòmíràn kí n má baà pàdé wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mátíróònù pè mí. Ó ní àwọn ti fẹ́ máa gba àwọn aláìsàn tuntun, àwọn sì fẹ́ kí fáìlì Bàbá pé. Ìwé kan ló kù, pé ẹbí jẹ́rìí sí i pé Bàbá mu àgbo. Kí n wá fọwọ́ sí i.

Mo débẹ̀. Ọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mọ́mì, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni o. Ẹ má lọ sọ nǹkan mìíràn."

Ìyá náà ní, "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá ni mí nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Nígbà tí mo wọlé, Mátíróònù gbé fáìlì síwájú mi, ó jáde lọ dáhùn ìpè kan. Mo ṣí i. Mo rí àyẹ̀wò ọkàn kejì, èyí tó yẹ kó ṣáájú ìpele kejì. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkàn Bàbá dára, dókítà àgbà sì ti fọwọ́ sí i. Gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kò ku ẹyọ kan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ọjọ́ Iléyá. Ọjọ́ Iléyá yẹn, Ailegun ni Bàbá wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń sọ ẹni tí a máa gbé ẹran fún. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú fóònù mi.

Mo ya àwòrán ojú ewé náà. Mi ò fọwọ́ sí ìwé wọn. Mátíróònù ní, "Mádàámù, ẹ rántí pé ìwé ìbúra tiyín náà wà nínú fáìlì yìí o." Mo ní mo rántí.

Bí mo ṣe ń jáde, mo sọ fún ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn pé kó má parọ́ ọjọ́ orí fún ìyá rẹ̀. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ní òmíràn tó máa wò wọ́n sàn ni?" Mi ò ní.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má dán oògùn wò. Bí wọn ò bá dán an wò, báwo la ṣe máa rí èyí tó ń ṣiṣẹ́? Mi ò tilẹ̀ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé oògùn méjì yẹn ló pa Bàbá. Ó lè jẹ́ àrùn náà ni. Torí kí a lè mọ̀ ni wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́, nítorí pé irọ́ ni mo gbé lọ fún wọn, irọ́ ni wọ́n sì kọ sílẹ̀.

Ìyá Fáwàs, tí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí ọ létí, dákun, foríjì mí. O ò fún Bàbá ní nǹkan kan. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Ràṣídì ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí kí n pe gbogbo ẹbí jọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Tí wọ́n bá fẹ́ mú mi nítorí ìbúra èké, kí wọ́n wá. Mi ò ní sá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bẹ̀. Ẹ dáhùn. Kí ló dé tí ẹ gba ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ti dàgbà jù? Ọwọ́ ta ni fóònù yín wà láàárọ̀ ọjọ́ tí a pè é lẹ́ẹ̀mẹfà? Àwọn mìíràn mélòó ló ti kú tí ẹ kọ àgbo sí ìdí orúkọ wọn? Dókítà àgbà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí àyẹ̀wò ọjọ́ Iléyá yẹn: ọkàn ta ni ẹ yẹ̀ wò?