Ọ̀rọ̀ Tí Mo Yí Mọ́ Àsíátù Lẹ́nu

Bàbá Jẹ̀mílátù, ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n fara ti ògiri, ẹ̀dọ̀ tó ń dùn mí kò jẹ́ kí n lè dá jókòó pẹ́ mọ́. Àwọn dókítà ní kí n lọ máa jẹ ohun tó bá wù mí nílé, mo sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Òótọ́ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbé wọ sàréè. Àwọn kan nínú yín ń pè mí ní ẹni rere, nítorí pé láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé gàrí lọ fún Àsíátù ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àdúgbò Kodjoviakopé. Kì í ṣe àánú ló ń gbé mi lọ. Ẹ̀rù ni.

Ọmọ ìhà Atakpamé ni mí, ilé ìwé àwọn fadá ni mo ti gbọ́ Faransé. Ní ọdún 1932, dókítà òyìnbó kan dé sí Lomé pẹ̀lú òògùn tuntun fún àrùn oorun, àrùn tí eṣinṣin etí odò máa ń kó ran àwọn oníṣòwò tó bá lọ sí ìlú òkè, tí wọn yóò máa sùn lọ́sàn-án gangan títí wọn yóò fi sùn kú. Ó ń wá ogójì aláìsàn tí yóò fi dán òògùn náà wò. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń sọ Yorùbá. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní kí n sọ fún wọn pé: "Òògùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó lè wò yín sàn, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò ní mú un. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kó tètè wí, a ó dá abẹ́rẹ́ náà dúró." Bó ṣe wí i gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló jókòó sábẹ́ igi àgbọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn méjì péré ló kù.

Dókítà ní bí ogójì kò bá pé kí oṣù tó parí, Dahomey ni òun yóò gbé iṣẹ́ náà lọ. Félicien, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sínú ìwé, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Michel, òótọ́ rẹ yẹn ni yóò lé àwa méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé òyìnbó gbọ́ Yorùbá ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ẹni ègún, mo rẹ́rìn-ín! Lọ́jọ́ kejì, ohun tí mo sọ fún àwọn aláìsàn ni pé ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ yìí kò ní rí ìwé ìrìnnà gbà lọ́wọ́ ìjọba mọ́, kò sì ní lè gbé ọjà lọ sí òkè. N kò dárúkọ ojú rárá. Kí ọjọ́ kẹsàn-án tó pé, ogójì ti pé. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Bravo, Michel."

Bàbá Jẹ̀mílátù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú Àsíátù wá, lẹ́yìn tí ẹ jọ ti ọjà òkè dé. Ẹ rántí bí oorun ṣe máa ń gbé e lọ nídìí fìlà tó ń ṣe ọnà sí, tí abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́ tí kò ní jí. Ẹ ní, "Ìyàwó mi kì í ṣe ọ̀lẹ, àìsàn ni." Ẹ jókòó níta, òun nìkan ló wọlé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, ó sọ fún mi pé, "Ògbufọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún dókítà. Èéfín ń rú níwájú mi. N kò rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀ mọ́." Dókítà gbójú sókè, ó bi mí pé kí ló wí. Mo ro ó pé bí wọ́n bá yọ obìnrin yìí, wọ́n á bi àwọn yòókù náà, àṣírí mi á sì tú. Mo ní, "Ó ní oorun náà ti ń dín kù, ó ń dúpẹ́." Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Èmi náà wá kọjú sí i, mo ní, "Wọ́n ní òògùn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣe sùúrù." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n tún gún un lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ tó padà wá, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká yín dé ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó kọlu tábìlì. Oorun ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Mo jí tán o, ilẹ̀ ni kò mọ́." Dókítà tan iná sí i lójú. Ó pariwo mọ́ mi pé, "Bi í, kí ló dé tí kò sọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti pa á. Mo sọ fún Àsíátù pé, "Dókítà ní àìsàn náà ló gun ojú yín, ẹ pẹ̀lẹ́." Mo sọ fún dókítà pé, "Ó ní òun mọ̀, òun fi pa mọ́ ni kí ẹ má baà yọ òun." Félicien kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin náà bi mí níta, mo sì tún irọ́ kan náà pa fún yín. Ẹ ní, "Ó fi pa mọ́ fún èmi ọkọ rẹ̀?" Ó búra fún yín pé òun sọ ọ́, ẹ ní ìwé kì í purọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹ ti dá a padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òyìnbó ni Àsíátù rò pé ó purọ́ mọ́ òun. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá jẹ́rìí òun lọ́dọ̀ yín. Mo ní a kì í bá ìjọba jiyàn.

Ènìyàn mẹ́ta míràn ló fọ́jú kí dókítà tó dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà, mo ń lọ bá àwọn èèyàn wọn náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Àsíátù, mo jẹ́wọ́. Ó ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó pa èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Gbé gàrí rẹ. Má bẹ̀ mí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́. Lọ sọ ọ́ níwájú Àlíù, bàbá Jẹ̀mílátù, àti àwọn ará ilé rẹ̀."

Ìdí tí mo fi wà níbí nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ ilé ìwé, tí ẹ gbọ́ èdè ẹni tí ìyá yín kò gbọ́, ẹni tó ní kí ẹ bá òun sọ̀rọ̀ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹyin lohùn. Ẹ má ṣe bí tèmi. Bàbá Jẹ̀mílátù, Àsíátù kò purọ́ fún yín rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n Àsíátù wà níta báyìí, Jẹ̀mílátù ọmọ yín ló fà á lọ́wọ́ wá. Ẹ jáde lọ bá a. Ẹ̀yin méjèèjì kò nílò ògbufọ̀.