Ẹṣin Tí Mo Sún Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Ń Kírun

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ níwájú ọ̀rẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Yẹ̀kínì.

Yẹ̀kínì ló ń tukọ̀ èrò láti Àgbádárìgì lọ sí Èkó lórí ọ̀sà. Akọ̀wé ìjọba ni èmi. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà nílùú nígbà náà ló kọ́ wa ní ṣẹ́sì, eré orí pátákó tí wọ́n ń fi ère ọba, ẹṣin àti ọmọ ogun ta, tí wọ́n fi ń lé ọba ara wọn kiri. Lọ́dún kan ó ṣe ìdíje, ó wá ku èmi àti Yẹ̀kínì.

Yẹ̀kínì ní ọ̀nà tó máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ eré náà. Kó tó sún ọmọ ogun kankan, á ti da ẹṣin rẹ̀ méjèèjì síta. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹṣin rẹ̀ ò gbélé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ẹṣin yẹn ló há ọba mi mọ́ igun. Ó ku díẹ̀ kó pa á, ni àkókò ìrun Àsárì bá tó.

Ó ní, “Bá mi ṣọ́ pátákó yìí o, kí ewúrẹ́ má dà á nù.” Ó gbé kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ajẹ́lẹ̀ ti wọlé lọ mu tíì. Èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́. Mo sún ẹṣin rẹ̀ kan kúrò níbi tó wà.

Nígbà tó dé, ó wo pátákó títí. “Ṣé ibí ni mo gbé e sí?”

Mo ní, “Ibẹ̀ náà ni. Àbí ojú ń dùn ọ́?”

Ó fọwọ́ nu ojú, ó jókòó. Ọba mi ráyè sá jáde, a sì ta á títí Ajẹ́lẹ̀ fi ní ọ̀mì ni. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Àṣé kò parí. Yẹ̀kínì fi ọkọ̀ sílẹ̀! Ó ní ojú tó lè ṣi ẹṣin rí lórí pátákó, kò yẹ kó máa gbé ọmọ ọlọ́mọ kọjá lórí ọ̀sà. Àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja Ìwòrò báyìí. Bí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bá já, fúnra rẹ̀ ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Háà, mo ń wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ tí Yẹ̀kínì ń tù tẹ́lẹ̀, wá bẹ̀ ẹ́ kó padà. Yẹ̀kínì nawọ́ sí mi. “Ẹ bi í, sà. Ìṣojú rẹ̀ ni ojú mi ti ṣi ẹṣin rí.”

Ọlọ́kọ̀ wò mí. Mo ní, “Òótọ́ ni, sà.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọlọ́kọ̀ ní òun á gba ẹlòmíì tó bá di òpin oṣù yìí. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Yẹ̀kínì?