Wọ́n Ń Bú Ìyàwó Mi Nítorí Ìpàkọ́ Ọmọ Tí Èmi Bà Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Oníròyìn rédíò ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi àwọn ẹlòmíràn ní ìbéèrè tó ń mú wọn làágùn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní tèmi rí. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ìyàwó mi fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Tíṣà ni ní Àrámọkọ. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí, èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé láàárọ̀ ni mo ní n ó máa tọ́jú ọmọ wa. Ọmọ náà fẹ́ràn láti yí orí sí ọ̀tún, ìpàkọ́ rẹ̀ sì ti ń di pẹlẹbẹ lápá ibẹ̀.

Ìyá mi, ará Ìpótì, fi tépù télọ̀ wọn orí rẹ̀ yípo. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, tí ìyá mi tún sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

"Màmá, tépù yín ń sọ bí orí ṣe tóbi tó ni. Kì í sọ ibi tó tẹ́."

Ó mú irin kan tó lẹ́nu méjì bí ọwọ́ akàn. Ó fi wọ̀n ọ́n láti iwájú orí lápá ọ̀tún dé ìpàkọ́ lápá òsì, ó sì tún wọ̀n ọ́n láti òsì iwájú dé ọ̀tún ẹ̀yìn.

"Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tiẹ̀ ò dọ́gba. Tó bá jí, ẹ dà á dojú bolẹ̀, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má fi aṣọ há orí ẹ̀ o."

Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e sórí afẹ́fẹ́. Àwọn ìyá ọmọ pè láti Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ń dúpẹ́.

Nílé ńkọ́? Ọmọ náà ń ké bí mo bá dà á dojú bolẹ̀, mi ò sì ráyè ṣiṣẹ́. Mo ká aṣọ, mo fi há orí rẹ̀ sápá ọ̀tún tó fẹ́ràn, kó lè dákẹ́. Ọmọ ń wo ògiri. Èmi ń gé ohùn nọ́ọ̀sì tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń tò ó fún ètò rédíò mi. Bí mo bá gbọ́ ọ̀kadà ìyàwó mi, mo ń yọ aṣọ náà.

"Ṣé ó dojú bolẹ̀ lónìí?"

"Dáadáa."



Nígbà tí a padà lọ, ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ti pọ̀ sí i. Ìyàwó mi ni nọ́ọ̀sì bá wí. Ó sunkún. Mo na áńkáṣíìfù sí i.

Ilé-ìwé wá gba ìsinmi, ìyàwó mi jókòó ti ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n tún orí wọ̀n, ìyàtọ̀ ti dín kù. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí.

"Ẹ ò rí i? Tíṣà ọmọ ọlọ́mọ! Ó sọ orí ọmọ tiẹ̀ di pátákó. Kó yáa jókòó sí ulé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń rí mi lára ju irọ́ tí mo pa lọ.

Ìyàwó mi ti gbà pé iṣẹ́ òun ló fà á. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó di ọjọ́ Ajé. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ṣé ní kọ̀rọ̀ ni kí n ti sọ ọ́, àbí níwájú ìyá mi àti gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín? Kọ̀rọ̀ ló wù mí. Ìyẹn gan-an ló ń mú mi fura sí ara mi.