Bí Olúwa Ṣe Mú Mi Jáde Ní Ọsibítù Tí Wọ́n Há Mi Mọ́ Nítorí Owó

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kó mọ sínú ilé ìjọsìn yìí nìkan, ẹ jẹ́ kó dún dé títì: Halelúyà! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yín lónìí. Ẹ ṣeun, Bàbá Alàgbà. Ẹ ṣeun, Màmá Ìjọ. Tí ẹkún bá gbọ̀n mí níbi tí mo ti ń jẹ́rìí, ẹ má dá mi lẹ́kun. Ẹ̀rí tèmi, ọpẹ́ àti omijé ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, Bọ́láńlé ni orúkọ mi. Mò ń ṣe irun níbí ní Inísà, nítòsí ọjà. Ọkọ mi, Dáre, ló ń wa bọ́ọ̀sì kékeré láti Òkukù sí Ìkìrun. A wojú Olúwa fún ọmọ títí ẹnu ayé fi ń kùn sí wa. Ẹ bá wa gbààwẹ̀ nínú ilé yìí. Nígbà tí oyún sì dúró, ẹ bá wa jó. Màmá Ìjọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Ẹ ṣeun, Màmá. Mi ò gbàgbé.

Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí mo lọ kí ìyá mi ní Òkukù. Àárọ̀ Sátidé ni. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́, à ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kan, ni nǹkan bá ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé omi ni. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ju ọ̀bẹ nù. Wọ́n ní, "Bọ́láńlé, má dìde! Má dìde o!" Wọ́n ti ń pe ọkọ mi lórí fóònù.

Dáre já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sáré dé. Ilé ìwòsàn ìjọba la kọ́kọ́ gbà lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la bá níbẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀mí méjì lẹ gbé dání yìí o. Iṣẹ́ abẹ ló kàn, àwọn dókítà wa sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má jókòó síbí rárá. Ẹ máa gbé e lọ sí ti aládàáni." Ó fa omi sí mi lápá kí a tó lọ, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọlọ́run ò ní gbàgbé nọ́ọ̀sì yẹn.

Ọsibítù aládàáni tí a kọ́kọ́ dé, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tó ń gbowó lójú fèrèsé ní, "Dìpósíìtì yín ńkọ́, sà?"

Ọkọ mi ní, "Àǹtí, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀."

Ó ní, "Mo rí i, sà. Ọ̀gá ló ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì san dìpósíìtì. Tí mo bá gbà yín wọlé, èmi ni wọ́n máa lé."

Dáre yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ mú mọ́tò mi. Ìwé ẹ̀ wà nínú ẹ̀."

Ọmọbìnrin yẹn ń sunkún, ẹ̀yin ará. Ó ń sunkún, àmọ́ ó ti kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní, "A kì í gba mọ́tò, sà. Ẹ má bínú."

Kí là bá ṣe? A tún wọ mọ́tò, a forí lé Ìkìrun. Ìyá mi gbé orí mi lé itan. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn, inú ara mi ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ọmọ náà ń yí nínú mi, ó ń tasẹ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ṣe sùúrù, ọkọ mi. Ṣe sùúrù, a ti fẹ́ẹ̀ dé." Kí a tó wọ Ìkìrun, kò tasẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Àbúrò ìyá mi tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí ìyá mi ti pè lórí fóònù, ti ṣáájú wa dé ọsibítù kejì. Owó tó fẹ́ fi lọ kó ọjà ló kó sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbà mí. Wọ́n gbé mi wọlé, wọ́n là mí. Nígbà tí ojú mi là, ìyá mi kọjú sí ògiri. Mo ní, "Màámi, ọmọ dà?" Wọn ò yíjú padà.

Dókítà ló wá sọ ọ́. Ó ní, "Màdáàmù, Ọlọ́run bá wa gba ẹ̀mí yín. Ti ọmọ ti bọ́. Ká ní ẹ tètè dé ni…"

Mo ní, "A tètè dé, Dókítà. Ibòmíràn la kọ́kọ́ tètè dé."

Ó wolẹ̀.

Ọkùnrin ni. Dáre gbé e padà sí Òkukù, wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Wọ́n ní kò yẹ kí n fojú kàn án. Ìyá mi nìkan ló sọ ọ́ sí mi létí pé imú rẹ̀ jọ ti bàbá mi tó ti di olóògbé. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa ọmọ mi.

Mo rò pé ìyà náà ti parí. Kò tíì parí! Ojú abẹ jinná, nọ́ọ̀sì yọ òwú rẹ̀, ó ní ara mi ti yá, mo lè máa lọ sílé. Mo di ẹrù mi. Mo dé géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màdáàmù, ẹ padà. Ẹ ò tíì sanwó tán." Dìpósíìtì lásán ni owó tí àbúrò ìyá mi san, owó iṣẹ́ abẹ ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi nítorí pé ti ẹni tó ń sanwó ni bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Èmi tí mo wá wòsàn di ẹlẹ́wọ̀n. Ọkọ mi ń wa mọ́tò tọ̀sán-tòru, epo bẹntiróòlù ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Ọmú mi kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Wàrà ń ya bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Aṣọ tí mo wọ̀ kì í gbẹ.

Ọmọdébìnrin kan wà lórí ẹní kejì, Sàkírátù, ará Eko Ende. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a wólẹ̀ nígbà ìrọbí, díẹ̀ ló kù kó kú. Wọ́n yọ ọmọ rẹ̀ láàyè, àmọ́ òun náà ò rówó san, wọn ò sì jẹ́ kó lọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, ti lọ gbé búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn kó lè rówó wá gbà á. Ebi àti ìrònú ti gbẹ omi ọmú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ yẹn ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Sàkírátù wo iwájú aṣọ mi tó tutù, ó wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́."

Kò tíì sọ ọ́ tí mo fi na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ lọ wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kò sí wàhálà. Ọmọ náà gbá ọmú mú bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú, mò ń sunkún ọmọ tèmi. Sàkírátù náà ń sunkún. Ọmọ nìkan ni kò sunkún mọ́ láàárín wa.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Bùọ̀dá Kúnlé, pè mí lórí fóònù. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Ó ní, "Bọ́láńlé, wọ́n ní ara rẹ ti yá. Àìsàn wo ló wá tún dá ọ dúró?"

Mo ní, "Owó ni orúkọ àìsàn náà, Bùọ̀dá."

Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá tí àyà mi fẹ́ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ọsibítù ló wá gbé mi níbi iṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé, mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì. Nọ́ọ̀sì ní kí ni mò ń wá. Mo ní bíìlì ni. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sinmi."

Mo ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó ní, "Kì í ṣe ìfẹ́. Owó orí wa ni. Olówó ń san, mẹ̀kúnnù ń san, ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí ló ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Kì í ṣe ọ̀run o, Bọ́láńlé. Orókún tó ń dùn mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tò fún un, wọn ò tíì pè mí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bi obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ léèrè dìpósíìtì." Ó ti ń sunkún. Ó fi ohun tó ní ránṣẹ́. Kò tó.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú dókítà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n lọ máa ṣe irun, n ó máa san án díẹ̀díẹ̀."

Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún yẹn? Èmi ni mò ń ra epo dísẹ́ẹ̀lì sí i. Èmi ni mò ń ra oògùn, èmi ni mò ń sanwó nọ́ọ̀sì. Ìjọba ò fún mi ní nǹkan kan. Tí mo bá jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ò lówó máa lọ, n ó ti ilẹ̀kùn ibí yìí pa, ẹni tó máa la aboyún míì ò ní sí."

Mo bínú sí i lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó, mi ò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí a bá ti sọ ìwòsàn di ọjà, dókítà pàápàá á di ọlọ́jà, ẹ̀mí wa la ó sì máa nájà lórí rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe! Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ orin láti ẹnu géètì. Mo yọjú. Màmá Ìjọ ni! Àwọn àti àwọn ìyá ìjọ, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Dáre. Bàbá Alàgbà wà lẹ́yìn wọn. Owó ìkórè tí ìjọ yìí ti tọ́jú láti fi kan òrùlé, òun ni wọ́n kó wá. Màmá ní, "Òjò lè pa wá fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ọmọ wa ò ní sun ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ́."

Mo di ẹrù. Mo wẹ̀yìn, mo rí Sàkírátù tó gbé ọmọ lé itan. Ó kàn ń bá mi ká aṣọ mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi eléyìí sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní, "Ará wa kọ́ o. Mùsùlùmí ni."

Màmá Ìjọ yíjú sí i. Wọ́n ní, "Ọmú ta ni ọmọ yẹn ń mu? Ó ti di ará wa."

Wọ́n wọlé lọ bá dókítà. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá a sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, dókítà ló ṣáájú, ó sì ti dín owó àwa méjèèjì kù. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì. Ògo fún Jésù! Èmi àti Sàkírátù jọ jáde ni! A gbé e dé Eko Ende, ìyá ọkọ rẹ̀ sáré jáde, ó ń pe Ọlọ́run ní ọ̀nà tiwọn, àwa náà ń pè é ní tiwa. Nígbà tí mo gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, itan mi ṣófo. Mo wo ojú fèrèsé mọ́tò títí a fi dé Inísà.

Ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ nínú ilé Olúwa. Mi ò tíì rí ọmọ gbé jó. Títí di òní, Dáre kì í dúró gbé èrò níwájú ọsibítù tó kọ́kọ́ lé wa. Ìgbà míì, mo máa ń bá a nínú mọ́tò, tó gbé orí lé ọwọ́. Ọgbẹ́ ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, mo sì dúpẹ́.

Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ yìí, pé ẹ ò fi mọ síbẹ̀. Ẹ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá díẹ̀ lóṣooṣù, ẹ fi ń san ínṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún gbogbo wa, ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Òrùlé wa ṣì ń jò, ẹ̀yin náà rí i. Ìwọ tó o wà nínú wàhálà lónìí, tí èèyàn rẹ wà lórí ẹní níbì kan, má tijú, sọ ọ́ fún wa. Ọlọ́run ní èèyàn tó máa rán. Ẹ̀yin tí aboyún wà nílé yín, ẹ má dúró de ọjọ́ ìrora kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá mi lọ sọ fún aládùúgbò yín, Kírísítẹ́nì ni o, Mùsùlùmí ni o.

Lóṣù tó kọjá, ìrọbí mú ìyàwó bíríkìlà ìjọ wa, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. A dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gbowó ní ọsibítù. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Kí ni orúkọ yín, mà?" Ó wò ó nínú ìwé àwọn tó ní ínṣọ́ránsì. Ó ní, "Ó ti tán. Ẹ máa gbé wọn wọlé."

Orúkọ nìkan! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Orúkọ nìkan ni wọ́n bèèrè.