Ojú Ewé Afárá Méjì

Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo máa fa ìwé yìí lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́fà wá. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹ má baà fò ó.

Ẹ mọ wíkì mi, ìwé yìí gan-an. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa nílùú Invercargill yìí: ohun tí mo dán wò, ohun tó bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́, tí ojú ewé kan ń tọ́ka sí òmíràn. Èmi nìkan ló ń kà á. Losa Faleafa, ọmọ Samoa tó wá bá wa ṣiṣẹ́, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. "Bàbá Struan, ṣé ohun tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ náà wà níbẹ̀?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, Brent ọ̀gá wa sì ti ń sọ pé òun ni yóò ṣe olórí wa. Mo jowú rẹ̀, kò lórúkọ méjì.

Ètò kọ̀ǹpútà tí à ń kọ ló ń darí àwọn ọkọ̀ táńkà tó ń gba wàrà lóko. Bí omi bá bo afárá, ètò náà á yọ àwọn oko tó wà lódìkejì kúrò nínú ìrìn àjò wọn títí omi á fi fà. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, afárá méjì ṣí padà lọ́jọ́ kan náà, ètò náà sì rántí ọ̀kan ṣoṣo. Oko mọ́kànlá ò rí táńkà. Àwọn àgbẹ̀ da wàrà nù sínú kòtò. Losa ló fọwọ́ kan apá yẹn nínú ètò náà kẹ́yìn, nítorí náà òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá ìdí rẹ̀, kò rí i. Ló bá wá dúró ti tábìlì mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó nínú wíkì yín. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láé."

Mo tẹ "afárá". Ojú ewé náà jáde. Èmi fúnra mi ni mo ti rí àṣìṣe yẹn lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí Losa ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Mo fọwọ́ tún àwọn oko náà tò lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀, mi ò sì ṣe é. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ wà lókè ojú ewé náà gbangba. Ìyẹn nìkan ti tó láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo pa á dé.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni mo wí.

"Ó dáa. Ẹ ṣeun, ẹ kúkú ti bá mi wò ó."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o. Síbẹ̀ ohun tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé àtúnṣe náà wọ ọ́fíìsì Brent bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Struan, orí ẹ pé jọ̀ọ́!" ni Brent wí. Ó yíjú sí Losa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ méjìlá! Iṣẹ́ yìí jù ẹ́ lọ."

Losa wò mí. Èmi ló bi. "Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Mo kàn rò ó ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Porirua. Mo gbọ́ pé kò kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ́. Wọ́n ra búrẹ́dì kíká oníwàràkàṣì láti fi yẹ́ mi sí, mo sì jẹ mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pa ojú ewé náà rẹ́ kí ẹ má baà rí i. Kíá, ojú ewé mẹ́rìnlá mìíràn pọ́n níbi tí wọ́n ti ń tọ́ka sí i, torí wọn ò rí ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn ìtọ́ka náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ìkarùn-ún ni mo ti bá ohun tí èmi fúnra mi kọ lọ́jọ́ tí Losa wá bá mi: "Losa béèrè nípa afárá. Mo ní kò sí." Mo ti sọ ọ́ dàṣà láti máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ojú tì mí, mo sì dá ojú ewé náà padà.

Mo ti fi í ránṣẹ́ sí Brent. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá bi yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Losa, dákun, dárí jì mí. Mo kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀ ibí, ó ń tọ́ka sí ojú ewé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ. Mo fi ọ̀nà àbáwọlé sínú wíkì yìí ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o kọ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ èébú. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí i wò. Ó ṣì ṣófo.