Ikán Kò Jẹ Ojú Ewé Yẹn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi pamọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ tí ó ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún àlùfáà wa. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ìwé kan wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ Ajé. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló gbé e wá, ó sì ní òun máa wá gbà á lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Tíṣà ni mí. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìlú kékeré kan ni, kò jìnnà sí Ìlúpéjú-Èkìtì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á sì ti máa fura báyìí. Kí wọ́n máa fura. Èmi náà ti fura sí wọn tó.

Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ìbídùn. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, àǹtí ló ń pè mí. Nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́, tí ìjọba alágbádá ń bọ̀, ni wọ́n gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ ìlú wa ni. Hẹdimásítà fún un ní Praimári Wáànù, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹ mọ bí tíṣà àwọn ọmọ kékeré ṣe ń ṣe. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ mú kí ọmọ náà tó lè kọ A. Ó máa ń nu ikun wọn. Ó máa ń gé èékánná wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ọwọ́ yẹn ni mo ń wò.

Ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ ni ìyá ìyá Ìbídùn kú sí. Mo kéré nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ nípa ìdílé wọn pé "ara wọn ò mọ́". Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí là ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ níbẹ̀, àwọn àgbà á fà á sẹ́yìn, wọn á ní kó lọ wádìí dáadáa. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó ní, "Má mu omi nú ulé yẹn o. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, sáré bọ̀ wá ulé." Ìyá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ibi tí mo ti gbà á ni mo kàn ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, níbi ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó ti ìyá ọmọ kan tó wà ní kíláàsì Ìbídùn. Ó ń yìn ín. Ó ní ọmọ òun ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń di ọwọ́ ọmọ yín mú ṣá?" Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò dárúkọ àrùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn òbí fi dé ọ́fíìsì hẹdimásítà. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn pààrọ̀ tíṣà. Hẹdimásítà wa nígbà náà kì í fẹ́ wàhálà. Ó gba kíláàsì lọ́wọ́ Ìbídùn, ó ní kó máa mójú tó sítọ́ọ̀. Obìnrin tó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọkọ́ àti àdá àwọn ọmọ ló ń kà, pẹ̀lú ìjókòó tó ti dá lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èmi ló gbé e wá bá, torí èmi ni gbogbo wọn mọ̀ sí oní-Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ní bírò pupa. Ó dúró tì mí lábẹ́ igi máńgòrò ní àkókò ìsinmi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ùwé yí." Ó wá fi ìka sí gbólóhùn kan láàárín. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni 'They are saying that our body is not clean.'

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó á sọ ọ́. Ṣé Òyìnbó ní orúkọ fún urú ọ̀rọ̀ yí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wá a.

Ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù hẹdimásítà. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá títí dé ibi tí T ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo 'prejudice'. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wo 'discrimination'. Mo ní wọn á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo kà rí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ṣí S, mo ń bá a bọ̀ títí mo fi kan 'stigma'. Ìtumọ̀ tí ìwé náà fún un ni àmì ìtìjú tí àwọn ènìyàn fi sí ẹnìkan lára nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ojú ewé náà pé pérépéré. Ihò ikán kan ṣoṣo ni ó wà ní igun rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọmọ ìlú wa ló kọ ìtumọ̀ náà.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo ní, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú àwọn ọ̀gá, wọn á mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọn á sì béèrè ẹni tó dá a sílẹ̀. Mo tún rò ó lọ́nà mìíràn. Mo ní, ṣé kì í ṣe pé Ìbídùn ti mọ̀ pé èmi ni? Ṣé kì í ṣe pé ó wá dán mi wò? Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló gbé e wá bá? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí mo ṣe ń rò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe máa ń rò nìyẹn láti kékeré.

Mo pa ìwé náà dé. Mo lọ bá a, mo ní bí Òyìnbó bá ní orúkọ fún un, ikán ti jẹ ojú ewé náà.

Ó wò mí. "Ikán kẹ̀?"

"Ikán."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A jẹ́ pé ikán ulé-ùwé wa gbọ́ Òyìnbó jù mí lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo wá mú bírò pupa. Mo fi 's' kún ibi tó yẹ kó wà. Mo fi kọ́mà sí ibi mẹ́ta. Mo tún 'recieve' kọ sí 'receive'. Gbólóhùn yẹn, mo fò ó. Ẹ̀yin náà mọ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Èmi ló ṣẹ sí lára. Mo kọ 'Good' sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo dá a padà fún un.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Yàrá àwọn tíṣà ni a jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn ń ka ìwé náà sókè. Nígbà tó dé ibi gbólóhùn yẹn, ó dúró, ó tún un kà, ó wá yọjú lókè awò rẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ṣé kò sí omi nílé yín ni?"

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, mi ò lè purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn kò wo ọkùnrin náà. Èmi ló kọ́kọ́ wò. Mo gbé ojú mi sí ara ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣàlàyé, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyá ìyá òun ni, ọkùnrin náà sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun fi kọ̀wé, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ìbídùn la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ náà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ ni pé kí wọ́n rán wolé-wolé sí ilé rẹ̀. Wọ́n sì rán an lóòótọ́. Ìṣojú gbogbo ará àdúgbò ni ó ti yọjú wo ìkòkò omi Ìbídùn, ó yẹ ṣáláńgá wò, ó ní kí wọ́n gbé ẹní síta. Kò rí nǹkan kan. Ta ló bìkítà pé kò rí nǹkan kan? Wọ́n ti rí wolé-wolé.

Láti ìgbà náà ni Ìbídùn ti wà ní sítọ́ọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn náà, ó ṣàlàyé pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jogún, pé oògùn rẹ̀ wà. Mo gbọ́, mo gbà. Síbẹ̀ mi ò mu omi nílé Ìbídùn rí. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ló ń gbé iṣu wá fún mi, iṣu tútù nígbà gbogbo, kò gbé oúnjẹ sísè wá rí. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ṣé ó mọ̀ pé mi ò ní jẹ ẹ́ ni.

Nígbà tó yá, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń kéde lórí àrùn éèdì, wọ́n ń sọ 'stigma' láàárọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lálẹ́. Mo máa ń yí ohùn rédíò sílẹ̀ tí Ìbídùn bá wọlé.

Ohun tó wá fọ́ mi lórí ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Hẹdimísítírẹ́ẹ̀sì tuntun dé, ó ra ìwé atúmọ̀ èdè tuntun, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ògbólógbòó inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí sítọ́ọ̀. Sítọ́ọ̀, lọ́dọ̀ Ìbídùn! Mo lọ gba ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé náà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti nù ún mọ́. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan há a láàárín láti fi sàmì, lápá ẹ̀yìn, níbi tí ikán jẹ ẹ́ dé. Mi ò lè ṣí i wò. Ìbídùn ka ṣọ́ọ̀kì márùn-ún fún mi, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́, àǹtí." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìkíni rẹ̀ ni mo ń tú wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó wá sílé mi. Mo bu omi fún un. Ó ní, "Mo ti mu omi látulé, àǹtí, ẹ ṣeun." Ó sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ kan ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tíṣà tí wọ́n rẹ́ jẹ látẹ̀yìn wá, pé òun fẹ́ padà sí Praimári Wáànù kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé ìwé kalẹ̀. Ó ní kí n bá òun ṣàtúnṣe rẹ̀ bí i ti ìjọ́sí.

Mo mú bírò pupa lẹ́yìn tó lọ. 'Stigma' wà ní ìlà kejì, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí kọ́mà kan tó ṣì, kò sí 's' kan tó sọnù. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé àgbà tíṣà tó ṣàtúnṣe ìwé òun àkọ́kọ́ mọ ohun tí òun ní lọ́kàn nígbà náà, ó sì lè jẹ́rìí. Ó fa ìlà síbẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìlà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá fọwọ́ sí i, wọn á bi mí pé, bí o bá mọ ohun tó ní lọ́kàn, kí ló dé tí o fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀? Gbogbo ìlú á gbọ́, àwọn obìnrin tí mo ń darí àdúrà fún á gbọ́, ọkọ mi á gbọ́. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn, àárín ọkọ́ àti àdá ni yóò ti fẹ̀yìn tì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì lónìí. Mo ti gbé bírò pupa kúrò, mo gbé búlúù sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè yọ kúrò lọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ìwé tí kò ní àṣìṣe kan ṣoṣo, kí ló dé tí ó gbé e wá fún mi pé kí n ṣàtúnṣe?