Ohun Tí Bàbá Ń Bínú Sí

Ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà ní ibùdókọ̀ Benson ni mo jókòó sí, tí mò ń dúró de táyà mi, nígbà tí mo gbọ́ bàbá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù eré ìje tí ọmọ náà gbé wá.

"Wọ́n ní táyà ẹ̀yìn nìkan lo fi ń gùn ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni!"

"Nígbà tí mò ń fi ọ̀kadà kó ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, bí táyà iwájú bá gbéra, ẹrù ẹ̀yìn ló pọ̀ jù. Ìwọ wá ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e!"

"Ẹsẹ̀ mi kì í kúrò lórí búrèkì ẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ ga jù, mo máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iwájú á sì sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Inú pápá tí ò sí èèyàn la ti ń ṣe é."

"Kí ló wá dùn níbẹ̀?"

"Bó bá ti gbéra, mi ò ní rí ilẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀run nìkan ni mo máa ń rí, Bàámi."

Ojú ọ̀run nìkan! Bàbá wo táyà iwájú yẹn títí.

"Lọ́jọ́ Sátidé, wá gbé mi lọ sí pápá yẹn. Mo ṣì ń bínú o! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí mò ń bínú sí."